Bí Mo Ṣe Di Ògbufọ̀ Akígbe ní Lálúpọn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin pọ́ǹkì lójúkojú, mo rò pé wọ́n ń pa ènìyàn ni. Ẹ̀yìn ọjà Ṣáṣá ni, nínú ilé ẹrù kan tí wọ́n máa ń kó apẹ̀rẹ̀ tòmátò sí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́, ìlù ń sáré lé e lẹ́yìn, gìtá sì ń han bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ páànù. Ẹsẹ̀ mi ti yí padà kí orí mi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó pè mí wá ló di ẹ̀wù mi mú.

Ó ní, "Níbo lò ń lọ? Orin ni."

Mo ní, "Ṣé ẹni tó ń kọ ọ́ náà mọ̀?"

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí la jọ jáde ní yunifásítì. Òun ló ń ta gìtá nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ní lítíréṣọ̀, mo sì máa ń kọ àwọn àpilẹ̀kọ ìfiniṣẹ̀sín tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún. Mo ti gbọ́ nípa pọ́ǹkì rí. Mo tiẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dára. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin àwọn tálákà tínú ń bí ni. N kò kọ ọ́ pé ó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù, nítorí èmi kò tíì gbọ́ ọ, ó sì dá mi lójú pé olùkọ́ tó fún mi ní máàkì náà kò tíì gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ṣeré lọ́jọ́ náà. Àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin méjì tó ń já ẹrù lórí lọ́rì nínú ọjà yẹn gan-an. Wọ́n po Hausa mọ́ Yorùbá, wọ́n kọrin nípa tòmátò tó jẹrà lójú ọ̀nà, orin náà kò sì gùn tó àlàyé tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó kọ ọ́. Àwọn kejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi píìnì gún aṣọ wọn káàkiri. Olórí wọn fi tipátipá kọ́ wa pé kí a má ṣe ní ohunkóhun pọ̀ mọ́ ìjọba. Mọ́tò ìjọba tí bàbá rẹ̀ ń lò ló kó sípíkà wọn wá, ó sì wà níta tí dírẹ́bà ń dúró dè é. Wọ́n ní ìyá ọ̀kan nínú wọn máa ń tú àwọn píìnì yẹn ní ọjọ́ Ajé kí ó lè fi wọ́n de ìlédìí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló ṣe kẹ́yìn. Àwọn ló ń ṣe irú èyí tó le jù, tí wọ́n ń pè ní hádíkọ̀. Akígbe wọn, ìyẹn ẹni tó ń ké orin náà, ló dá mi dúró. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọmọ lèmọ́mù kan ní abúlé kan lápá Ẹgbẹ́dá, iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ló ń ṣe. Lójoojúmọ́ ayé, ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń sọ pé kí ó tún un sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di maiki mú, ohùn kan á jáde lára rẹ̀ tí n kò mọ ibi tó ń gbé e pamọ́ sí. Bí eré bá parí, ohùn náà á ti lọ, èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà á sì bá a lọ. Yóò wá ku kí ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ẹni tó bá wà nítòsí, kí onítọ̀hún máa bá a sọ ọ́ síta. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ṣèèṣì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ògbufọ̀ rẹ̀ di alẹ́.

Àwọn tó wá wòran ń fi èjìká lu ara wọn láàárín ilé, wọ́n ń sáré yí po, ẹlòmíràn á ṣubú, gbogbo wọn á sì dúró gbé e dìde kí wọ́n tó tún máa lu ara wọn. Mo fẹ̀yìn ti ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Síbẹ̀ nígbà tí ó di àárín ọ̀sẹ̀, mo rí i pé mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ibi tí èyí tó kàn yóò ti wáyé. Ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀rù tó ń bà mí nínú ilé ẹrù yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Bí orin bá ti dákẹ́, ẹ̀rù náà á dákẹ́. Ẹ̀rù ọ̀nà oko, ẹ̀rù fóònù tó bá dún lójijì, ẹ̀rù àwọn tó ń jí ènìyàn gbé, kò sí ẹni tó ń bá wa pa iná àwọn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn tún wà tó ń tẹ̀ lé wa kiri, àwa la sì fi ọwọ́ ara wa fà á. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ dúdú, tí àwòrán agbárí wà láyà aṣọ wọn, tí wọ́n kóra jọ sínú ilé àdádó kan, tí ẹnì kan ń ké nínú rẹ̀: ní agbègbè wa, orúkọ kan ṣoṣo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, ẹgbẹ́ òkùnkùn. Àwọn fijilanté kì í sì í bi ènìyàn ní ìbéèrè kejì. Ní abúlé Ìrókò, níbi tí a ti ṣeré nínú ilé adìẹ kan tí kò sí adìẹ nínú rẹ̀ mọ́, àwọn ọdẹ àdúgbò wọlé bá wa pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà. Wọ́n ní kí a dojú bolẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ ni mo dojú bò, mo sì gbà pé n kò ní dìde mọ́. Mo rántí pé mo kàwé, mo bá gbé orí díẹ̀ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún olórí ọdẹ pé bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe bá ìjálá tan.

Bàbá náà wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìwọ, lu wá bí ó bá wù ọ́. Má bú ìjálá."

Ìyẹn ló gbà wá sílẹ̀, nítorí àwọn ọdẹ tó kù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a máa lọ, kí àwọn má sì tún rí wa ní Ìrókò mọ́. Lẹ́yìn èyí, kò sí onílé tó fẹ́ gbà wá.

Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi ló gbà wá. Ìyá náà ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ní ilé ẹ̀rọ kan ní ẹ̀yìn Lálúpọn, níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń yan gàrí. A lọ bẹ̀ wọ́n, a sì sọ òtítọ́ fún wọn pé ariwo ni a fẹ́ wá pa. Wọ́n béèrè bóyá ó pọ̀ tó ti ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ àwọn. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú ni kí a máa wá, nítorí àwọn obìnrin tó ń bá àwọn yan gàrí máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ilé ẹ̀rọ a sì wà lófo.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé òpópónà eléruku tó gba iwájú ilé ẹ̀rọ yẹn kọjá kò parí síbẹ̀. Ó ń lọ sí orí òkè àdúrà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì. Wọ́n mọ òkè yìí dáadáa fún ìtúsílẹ̀: wọ́n máa ń kígbe lé àwọn aláìsàn lórí níbẹ̀, àwọn aláìsàn á sì máa ṣubú. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará Lálúpọn, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni pé, "Ẹ máa lọ tààrà. Bí ẹ bá ti gbọ́ igbe, ẹ ti dé."

Ọjọ́ Àìkú kejì tí a lò níbẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀.

Oòrùn mú gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan gba gbogbo inú ilé, omi rẹ̀ sì ń kán nínú àwọn àpò tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ wá ń yọ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń lu ara wọn ń ṣubú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo wà ní ààyè mi lẹ́bàá ògiri. Akígbe ń ké orin tó kẹ́yìn lọ́wọ́, iṣan ọrùn rẹ̀ dúró bí okùn. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo sì rí ọkùnrin àgbà kan nínú sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó di ìgò òróró mú lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni obìnrin kan wà tó pọn ọmọ.

Mo rò pé wọ́n wá mú wa ni. Mo ti ń wo ojú fèrèsé láti mọ̀ bóyá ara mi lè gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò bínú. Wọ́n ń mi orí sí bí orin ṣe ń lọ. Nígbà tí ènìyàn mẹ́ta jọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà sórí omi ẹ̀gẹ́, bàbá náà gbé ìgò wọn sókè, wọ́n ní, "Halelúyà, ẹ̀mí ti sọ̀."

Orin dákẹ́. Gbogbo wa ń wò wọ́n. Obìnrin náà tú ọ̀já, ó sì gba àárín àwọn aláṣọ dúdú kọjá tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ó tẹ́ ọmọ náà sórí àpò òfìfo kan níwájú akígbe, ó sì kúnlẹ̀.

Ọmọbìnrin kékeré ni, kò tíì tó ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò wo nǹkan kan. Ó ń mí bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò mira rárá. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún akígbe, ó ń pè é ní bàbá wòlíì, bẹ́ẹ̀ ni òun ìbá lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ibà ló kọ́kọ́ mú ọmọ òun, lẹ́yìn náà ni gìrì mú un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú abúlé àwọn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, kí àwọn máa gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ gba ẹ̀jẹ̀ láìdúró. Ọkọ òun wà lóko kòkó lápá Oǹdó, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, ìyẹn bàbá tó wọ sùtánà yìí, ló ní àdúrà ni kí àwọn kọ́kọ́ gbà, kí àwọn wá sí orí òkè. Àwọn sọ fún ọlọ́kadà pé kí ó já àwọn sílẹ̀ níbi tó bá ti gbọ́ igbe.

Ìyá mi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì, ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wo ìpéǹpéjú ọmọ. Mo tẹ̀ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á sísàlẹ̀ díẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bákan náà ni. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti wọ inú mi, irú èyí tí kì í dákẹ́ bí orin bá dákẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, mo ti di ẹni tó wà nítòsí. Akígbe bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá, èémí lásán ló kù. Ó fẹnu kàn mí létí.

Ó ní, "Tíṣà, sọ fún wọn pé ibí kọ́. Ibi tí wọ́n ń lọ ṣì wà níwájú. Sọ fún wọn pé a kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì."

Òtítọ́ gidi ni ó sọ. Bí mo bá sì sọ ọ́ síta, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á pọn ọmọ náà, wọ́n á sì máa lọ sí orí òkè, níbi tí wọn kì í tètè tú aláìsàn sílẹ̀. Wọ́n á gba ààwẹ̀ lé e lórí. N kò rò pé ọmọ yẹn lè la òru ọjọ́ náà já. Ìyá rẹ̀ ń wo ẹnu mi. Bàbá onísùtánà pẹ̀lú ń wo ẹnu mi. Gbogbo wọn mọ bí nǹkan ṣe máa ń lọ: wòlíì á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ògbufọ̀ á gbé e síta. Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí wọn nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí, àfi bóyá agbárí.

Mo dìde.

Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn nísinsìnyí, kí wọ́n fún un lẹ́jẹ̀."

Akígbe gbójú sókè wò mí. Bàbá náà gbé ìgò òróró wọn sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá náà ní, "Ọsibítù? Ibẹ̀ la ti ń bọ̀. Irú wòlíì wo ló ń rán ènìyàn padà sí ọsibítù?"

Mo ti fi gbogbo ayé mi fi irú bàbá yìí ṣẹ̀sín nínú ìwé, n kò sì tíì bá ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú rí tí ẹ̀mí ènìyàn wà láàárín wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ akígbe bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tó kàn. Ó di apá mi mú, ó ń fún un.

Ó ní, "Kí lò ń sọ fún wọn? Ọmọ lèmọ́mù ni mí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dáná sun wá síbí?"

Mo tún dìde. "Wọ́n ní àwọn rí iná," ni mo wí. "Wọ́n ní iná ń bẹ lára ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ tuntun ló máa pa iná náà. Wọ́n ní àdúrà ti ṣáájú lọ sí ọsibítù, ara ọmọ ló kù kí ó tẹ̀ lé e."

Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ojú ń tì mí fún bí ó ṣe rọ̀ mí lẹ́nu tó. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò tíì gbà. Wọ́n ní nínú ìdílé àwọn, a kì í gba ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀, a kò mọ irú ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó pọn ọmọ. Wọ́n ní àwọn rò pé ibí yìí kọ́ ni àwọn ń bọ̀. Obìnrin náà kò mira. Ó ń wo ojú mi, ó ń wo ojú wòlíì, ó sì di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sún gìtá rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wo ọ̀nà oko. Gbogbo wa mọ̀ pé bí bàbá yìí bá jáde síta pariwo pé òun bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn níbi tí wọ́n tẹ́ ọmọ sílẹ̀ sí, kò ní sí ẹni tí yóò dúró gbọ́ àlàyé wa.

Ìgbà náà ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ gìrì. Ọwọ́ rẹ̀ ká kò, ẹyin ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ sì pa mọ́ra. Bàbá náà da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń bọ̀ wá fi pa á lórí. Akígbe rí i. Ó dìde, ó di maiki mú, bóyá láìmọ̀. Ohùn kan jáde láti ibi tí n kò rò pé ohùn kankan ṣẹ́kù sí.

"Ẹ gbé e."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíkà gbé e, páànù òrùlé gbọ̀n. Mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀. Bàbá náà dojú bolẹ̀ sínú omi ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú sùtánà funfun, wọ́n ní àwọn gbọ́, kí Olúwa má bínú.

Obìnrin náà ti gbé ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó dìde.

Mọ́tò akẹ́rù kékeré tó kó sípíkà wá la lò. A já àwọn sípíkà tí a kò tíì kó wọlé sílẹ̀ lójú títì bí ẹni tó ń dà wọ́n nù, a tẹ́ àpò sẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ni ìyá àti ọmọ jókòó sí pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi tó ń wakọ̀. Àwa tó kù wà lẹ́yìn: èmi, akígbe, onílù, àwọn mélòó kan tí n kò mọ̀, àti bàbá onísùtánà, tí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mú tí wọ́n ń kọ orin ẹ̀mí lábẹ́lẹ̀. Bí mọ́tò bá ti rọra, mo ń rò pé ọmọ náà ti kú ni. Bí a bá rí fijilanté lójú ọ̀nà, mo ń rò pé tiwa ló dé. Wọn kò dá wa dúró. Ó jọ pé ẹni tó bá rí àwọn agbárí tó yí sùtánà funfun ká lẹ́yìn mọ́tò kì í fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó wà níwájú rí wa, ó sì béèrè ẹni tí ìbọn bà nínú wa. Obìnrin náà gbé ọmọ sókè kí ó lè rí i. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ yá. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tó dá gìrì náà dúró. Dókítà jáde wá, ó bi wá bóyá a mọ̀ pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Ó ní kí àwọn ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi dípò èyí tí àwọn máa fún ọmọ náà. Bàbá wo ilẹ̀. Onílù ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ rẹ̀, akígbe tẹ̀ lé e. Kí n tó mọ̀, àwọn aláṣọ dúdú ti tò sẹ́nu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò. Èmi náà wà nínú ìtò náà, mo ń làágùn, nítorí pé láti kékeré ni mo ti ń sá fún abẹ́rẹ́, pàápàá èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá mi.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí a wọlé wò ó, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Èmi àti akígbe la wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ sí apá ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Mímí rẹ̀ ti rọlẹ̀, àmọ́ kò tíì lajú. Obìnrin náà jókòó tì í, ó ń fi aṣọ nù ún lórí. Nígbà tí ó rí wa, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Akígbe yára dì í mú lápá, ó sì fẹnu kàn mí létí.

Ó ní, "Sọ fún wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o sọ ọ́. Má fi nǹkan kan kún un."

Mo sọ fún akígbe létí pé kí a dúró díẹ̀. Mo ní bí àpò ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti tán, mo máa sọ ọ́. Mo ń bẹ̀rù pé obìnrin náà máa fa abẹ́rẹ́ yọ lápá ọmọ ni, pé ó máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn wo nìyí, kí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Akígbe mi orí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òun kò lè dúró kí ìyá ọlọ́mọ kúnlẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bá sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ó ní a kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Olórin ni wá. Ó ní òun kì í ṣe wòlíì, fóònù ni òun ń tún ṣe. Orí òkè tí ẹ ń wá wà níwájú ibi tí ẹ ti yà. Ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn, èmi ni mo sọ ọ́."

Ó wo àpò ẹ̀jẹ̀, ó wo apá akígbe níbi tí wọ́n lẹ òwú mọ́.

Ó ní, "Ta ni ẹ wá ń kígbe mọ́?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, fún ègún, fún igbe. N kò múra sílẹ̀ fún èyí. Ó tó àkókò kí ẹni tó gba máàkì tó dára sọ̀rọ̀, àmọ́ akígbe ni mo yíjú sí. Akígbe ronú, ó sì fẹnu kàn mí létí.

Mo ní, "Ó ní òun kò tíì mọ̀."

Obìnrin náà mi orí bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tó yé e. Ó tún aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ ọ. Títí wọ́n á fi ní ká máa lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, wòlíì ni yín."

Bí ó ṣe sọ̀rọ̀ tán ni bàbá wọlé. Sùtánà wọn ti gbẹ, ó sì ti le gan-gan lára wọn. Omi inú ọ̀rá ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tẹrí ba fún akígbe, wọ́n ní kí bàbá wòlíì bá àwọn gbàdúrà sí i kí ọmọ lè mu ún bí ó bá jí. Akígbe wò mí. Obìnrin náà wò mí.

Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ fún un mu bẹ́ẹ̀, omi náà ti mọ́ tẹ́lẹ̀."

Bàbá ní, "Àmín."

Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn kan láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó kéré, ó sì há díẹ̀. Ọmọ náà ní òun fẹ́ tọ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì gbé póò wá, ó ní ibi tí àpò ẹ̀jẹ̀ náà kọ́ sí kò ní jẹ́ kí ọmọ lè jókòó, kí ẹnì kan bá òun gbé àpò náà sókè. Bàbá ló sún mọ́ ọn jù. Wọ́n gbé omi ọ̀rá fún mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba àpò ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n sì nà án sókè ju orí wọn lọ. Wọn kò wo ibòmíràn títí ọmọ náà fi tọ̀ tán.